Àmúró ọrùn ẹsẹ̀ ASO àti Aircast fún ẹni tó ń ṣe parkour: ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ewu, àti èyí tí wọn ò lè gbà

Bí ẹ bá fi ẹsẹ̀ rọ́, tí dókítà tàbí físíò ti wò ó pé egungun kò ṣẹ́, tí ẹ sì fẹ́ padà sórí ògiri láti ṣe parkour, ìyẹn eré sísáré, gígun ògiri àti fífò láti orí ohun kan sí òmíràn, ASO ni kí ẹ rà. Aircast Air-Stirrup náà dára, àmọ́ àsìkò tirẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ kìíní sí ìkẹta, nígbà tí èèyàn ṣì ń tiro, kì í ṣe ìgbà tó ti ń fò. Tó bá wá jẹ́ pé torí kẹ́ ẹ lè máa fò láti ibi tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lẹ ṣe fẹ́ ra èyíkéyìí nínú wọn, ẹ fi owó yín sápò. Kò sí àmúró tó lè gba gìgísẹ̀ lọ́wọ́ kọnkéré.

ASO rí bíi bàtà aláṣọ tí wọ́n gé iwájú àti gìgísẹ̀ rẹ̀ sọnù. Nylon líle ni wọ́n fi rán an. Okùn ń dì í níwájú, bẹ́líìtì méjì tí kì í fà sì wà lára rẹ̀: ọ̀kọ̀ọ̀kan gba orí ẹsẹ̀ kọjá, ó gba abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, ó tún gòkè padà, Velcro sì gbà á mú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Rọ́bà fífẹ̀ kan ló wá ń yí òkè ká láti bo gbogbo ìdí okùn àti bẹ́líìtì. Ẹyọ kan náà wọ ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó wọ òsì. Ti Aircast yàtọ̀: ike líle méjì ni, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ inú, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ òde, àpò afẹ́fẹ́ wà nínú àwọn méjèèjì, ìtẹ́lẹ̀ kékeré kan so wọ́n pọ̀ lábẹ́ gìgísẹ̀, Velcro sì so wọ́n mọ́ ojúgun. Ó ní ti ọ̀tún, ó ní ti òsì. Ẹ wo ara páálí dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó.

Kí iṣẹ́ wọn lè yé wa, ká wo bí ẹsẹ̀ ṣe ń rọ́ nínú eré yìí. Ẹni tó ń fo precision láti orí ògiri kan sí èkejì ń fi iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ bà lé etí ògiri. Lásìkò yẹn, ọmọ-ìka ẹsẹ̀ ń wo ìsàlẹ̀ díẹ̀, ipò yìí gan-an sì ni ọrùn ẹsẹ̀ kò ti lágbára. Bí ẹsẹ̀ bá wá fi díẹ̀ kù sí ibi tó yẹ kó bà lé, tàbí tó jẹ́ irin róbótó ló bà lé, àtẹ́lẹsẹ̀ á yí sínú, gbogbo ara á sì tẹ̀ lé e sórí ẹ̀gbẹ́ òde. Iṣan tó wà níwájú kókósẹ̀ ẹ̀gbẹ́ òde ló máa ń kọ́kọ́ já, èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ á sì tẹ̀ lé e bí agbára náà bá pọ̀. Ìyísínú yìí ni àmúró ń dá dúró, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bẹ́líìtì ASO ń fa gìgísẹ̀ pa dà sí ààyè rẹ̀. Ike Aircast ń ṣe ògiri sí ọ̀tún àti òsì.

Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Wọ́n ṣe ìwádìí kan ní Wisconsin, ní Amẹ́ríkà, láàrin ọmọ ilé-ìwé girama 1,460 tó ń gbá basketball, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2011. Àmúró olókùn ni wọ́n lò, irú èyí tí ASO jẹ́. Àwọn tó wọ̀ ọ́ kò fara pa ní ọrùn ẹsẹ̀ tó àwọn tí kò wọ̀ ọ́, ìbáà jẹ́ ẹni tó ti rọ́ rí tàbí ẹni tí kò rọ́ rí. Àmọ́ ẹni tó bá wọ̀ ọ́ tó ṣì fara pa, bí ìpalára rẹ̀ ṣe le tó kò yàtọ̀ sí ti ẹni tí kò wọ nǹkan kan. Ká rántí pé pákó títẹ́jú ni wọ́n ti ń gbá basketball. Ògiri Vauxhall ní London, níbi tí àwọn tó ń ṣe parkour ti ń fò, kì í ṣe pákó.

Bí ẹ ṣe máa wọ ASO ló máa sọ bóyá owó yín á jẹ́ owó. Ìyípo gìgísẹ̀ àti ọrùn ẹsẹ̀ ni kí ẹ wọ̀n, kí téèpù gba ẹ̀yìn gìgísẹ̀ kọjá wá síwájú ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ má fi nọ́ńbà bàtà yan sáìsì. Ẹ wọ sọ́kì tẹ́ẹ́rẹ́ tó ga ju àmúró lọ, tí kò ká jọ níbì kankan, torí ibi tó bá ká jọ ló máa bó lára. Ẹ jókòó, ẹ fi àtẹ́lẹsẹ̀ lélẹ̀, kí ojúgun dúró ṣánṣán. Ẹ ti gìgísẹ̀ sẹ́yìn títí á fi jókòó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fa okùn láti ìsàlẹ̀, ihò kan lẹ́yìn òmíràn, kí ìsàlẹ̀ le ju òkè lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fa bẹ́líìtì méjèèjì, kí èyí tó ń gòkè ní ẹ̀gbẹ́ òde le ju èkejì lọ díẹ̀, torí òun ló ń kọ̀ kí ẹsẹ̀ yí sínú. Ẹ wá fi rọ́bà bo òkè. Àṣìṣe tó pọ̀ jù ni kéèyàn na ẹsẹ̀ sórí àga kó máa so ó: nígbà tó bá dìde, ọrùn ẹsẹ̀ á tẹ̀, gbogbo nǹkan á sì dẹ̀. Bí ẹ bá so ó tán, ẹ fi ìka tẹ èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ títí á fi funfun, kẹ́ ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀. Kí àwọ̀ rẹ̀ padà láàrin ìṣẹ́jú-àáyá 2. Bí kò bá padà, tàbí tí ọmọ-ìka bá ń kú tipiri, ó le jù.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10 sí 15 tí ara bá ti gbóná, ẹ tún un so. Okùn á ti dẹ̀. Kò sí ASO tí kì í ṣe é.

Ọ̀rọ̀ bàtà ni ọ̀pọ̀ kì í rò. Bàtà tí wọ́n fi ń ṣe parkour máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ, ìtẹ̀lẹ̀ rẹ̀ sì máa ń fẹ́lẹ́ kí ẹsẹ̀ lè mọ etí ògiri. ASO máa wọ inú rẹ̀ bí ẹ bá yọ aṣọ ìtẹ́nú, tàbí tí ẹ bá ra bàtà tó fi ìdajì nọ́ńbà tóbi sí i. Bẹ́líìtì tó gba abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ ń bo ìmọ̀lára mọ́lẹ̀ díẹ̀, torí náà orí ìlà tí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fà sílẹ̀ ni kí ẹ ti kọ́kọ́ fo precision pẹ̀lú rẹ̀, kì í ṣe orí irin. Aircast kò fẹ́ràn bàtà tó fún rárá. Etí ike rẹ̀ á máa ta kókósẹ̀ ẹsẹ̀ kejì nígbà tí èèyàn bá ń fa ẹsẹ̀ méjèèjì kọjá láàrin ọwọ́ nínú kong, á sì máa họ ara ògiri nínú cat leap, ìyẹn fífò lọ fi ọwọ́ rọ̀ mọ́ etí ògiri, kí ẹsẹ̀ tẹ ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ní àsìkò tirẹ̀ kì í ṣe àsìkò ìfò. Àmọ́ fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wú, kò sí èyí tó rọrùn bíi rẹ̀: ó rọrùn láti ṣí, ó rọrùn láti dẹ̀ bí ẹsẹ̀ bá ń wú, tàbí láti tún fún bí wíwú náà bá ń lọ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ ohun tó ń gbé èèyàn dé ilé ìwòsàn gan-an. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ eré yìí ní Lisses àti Évry lẹ́bàá Paris, David Belle àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, orí kọnkéré ni wọ́n ti kọ́ ọ, kọnkéré sì ni èyí tó pọ̀ jù títí dòní. Ẹni tó bá já láti ibi gíga tó sì fi gìgísẹ̀ bà lé, egungun gìgísẹ̀ rẹ̀ lè fọ́. Agbára náà tún lè gba inú ojúgun lọ dé ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn, ìdí nìyí tí dókítà tó mọṣẹ́ fi máa ń yẹ ẹ̀yìn wò bó bá ti rí gìgísẹ̀ tó fọ́. Tí ẹ̀yìn bá ń dun ẹni náà, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kú tipiri, ẹ má gbé e dìde; ẹ jẹ́ kó sùn síbẹ̀ kẹ́ ẹ pe ọkọ̀ ìwòsàn. Iṣan ńlá ẹ̀yìn gìgísẹ̀, Achilles, tún wà níbẹ̀: ó máa ń já nígbà tí èèyàn bá ń ti ara rẹ̀ kúrò nílẹ̀ láti sáré gun ògiri, yóò sì dà bíi pé ẹnì kan ta á nípàá láti ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kó dojú bolẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ létí bẹ́ẹ̀dì, kẹ́ ẹ fún ẹran ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀. Bí àtẹ́lẹsẹ̀ kò bá mira, ó ṣeé ṣe kí iṣan náà ti já. Kò sí ASO, kò sí Aircast, tó ń dá ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí dúró.

Èyí tó máa ń tan èèyàn jẹ ni ti àárín ẹsẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá kó jọ, tó dúdú ní àtẹ́lẹsẹ̀, lábẹ́ ibi tó tẹ̀ kọdọrọ, ẹ má pè é ní ẹsẹ̀ rírọ́ lásán. Ó lè jẹ́ pé àwọn oríkèé àárín ẹsẹ̀ ti yẹ̀. Ẹni tó bá so àmúró mọ́ irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó sì ń rìn kiri lè fi ẹsẹ̀ ṣòfò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìrora tó wà lókè kókósẹ̀, láàrin egungun ojúgun méjèèjì, tó ń pọ̀ sí i bí wọ́n bá yí àtẹ́lẹsẹ̀ síta: iṣan tó so egungun méjèèjì pọ̀ ló fà, ó máa ń pẹ́ ju ẹsẹ̀ rírọ́ lásán lọ kó tó san, ìrànlọ́wọ́ àmúró kò sì pọ̀ níbẹ̀.

Ìlànà tí àwọn dókítà Ottawa ní Kánádà gbé jáde ní 1992 ni ẹ lè fi mọ ẹni tó nílò X-ray. Ẹ tẹ ẹ̀yìn egungun kókósẹ̀ méjèèjì, láti ṣóńṣó ìsàlẹ̀ lọ sókè dé sẹ̀ǹtímítà 6. Ẹ tẹ ìdí egungun gígùn tó lọ sí ọmọ-ìka tó kéré jù, ní àárín ẹ̀gbẹ́ òde ẹsẹ̀. Ẹ tẹ egungun tó yọ ní ẹ̀gbẹ́ inú, níwájú kókósẹ̀. Bí ọ̀kan bá dùn ún nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́, tàbí tí kò lè gbé ìṣísẹ̀ mẹ́rin ní kété tó fara pa àti nígbà tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, kó lọ ya X-ray. Ìtiro náà jẹ́ ìṣísẹ̀. Gìgísẹ̀ kò sí nínú ìlànà yẹn, torí náà ẹ fi ọwọ́ méjèèjì fún un láti ẹ̀gbẹ́. Bó bá dùn gan-an, ilé ìwòsàn ló kàn.

Ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè, ẹ fi aṣọ di yìnyín lé e fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Ẹ má fi omi gbígbóná jó o, ẹ má fi Aboniki pa á, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á. Ẹ̀jẹ̀ á máa ya sí i ni, wíwú náà á sì pọ̀. Àmúró rọ́bà fífà tí wọ́n ń tà ní ilé egbòogi káàkiri, ẹ lè wọ̀ ọ́ kí ara ibẹ̀ móoru, àmọ́ kò lè dá ìyísínú dúró. Ẹ má fi í fò.

Ìgbà wo lẹ lè padà? Ẹ má ka ọjọ́, ẹ wo ẹsẹ̀. Ẹ kọjú sí ògiri, ẹ fi orúnkún kàn án láìgbé gìgísẹ̀ nílẹ̀, kẹ́ ẹ máa fi ẹsẹ̀ sún sẹ́yìn títí kò fi ní lè kàn án mọ́. Ẹ wọn àlàfo láti ọmọ-ìka dé ara ògiri. Bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá fi ju sẹ̀ǹtímítà 2 yàtọ̀, ọrùn ẹsẹ̀ ṣì le. Ọrùn ẹsẹ̀ tí kò tẹ̀ ń mú kéèyàn bà lé gbọingbọin, orúnkún ni yóò sì jẹ ìyà rẹ̀, pàápàá bí àmúró olókùn bá tún dì í mọ́lẹ̀. Kẹ́ ẹ lè fi ẹsẹ̀ kan dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 30 pẹ̀lú ojú dídì. Kẹ́ ẹ lè fi ẹsẹ̀ kan gbé gìgísẹ̀ sókè ní ìgbà 20 ó kéré tán, kí ó dọ́gba pẹ̀lú ẹsẹ̀ kejì. Bí ẹ bá ń ṣe eré ìdárayá wọ̀nyí, ẹ bọ́ àmúró sílẹ̀. Ẹ máa wọ̀ ọ́ bí ẹ bá ń fò, fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán lẹ́yìn tí ẹ rọ́, torí àkókò yẹn ni ó máa ń tún rọ́. Kì í ṣe àmúró ló ń sọ ẹsẹ̀ di hẹ́gẹhẹ̀gẹ, àìṣe eré wọ̀nyí ni.

Bíbà lé ni ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀: láti orí ohun tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ, ẹsẹ̀ méjèèjì, iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ ṣáájú, kí orúnkún tẹ̀ kó má sì wó sínú. Bí ẹ bá gbọ́ ariwo, ẹ kò tíì ṣe é dáadáa. Tí kò bá wú ní ọjọ́ kejì, ẹ fi díẹ̀ kún gíga rẹ̀. Ilẹ̀ líle títẹ́jú ló yẹ, kì í ṣe fóòmù rírọ̀ tó nípọn tó wà ní ilé eré. Ẹsẹ̀ á rì sínú rẹ̀, yóò sì yí.

Velcro ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́ lára méjèèjì. Ẹ yọ òwú àti iyanrìn inú rẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì eyín, ẹ fi ọwọ́ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, ẹ sá a síbi tí òjìji wà. Bó bá jẹ́ ASO àlòkù lẹ fẹ́ rà, ẹ so bẹ́líìtì kẹ́ ẹ fi gbogbo agbára fà á: tí Velcro bá ṣí tàbí tí ojú rírán abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ ti ń tú, ẹ fi sílẹ̀. Bó bá jẹ́ Aircast, ẹ tẹ àpò afẹ́fẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ rọra fetí sí i: bí ẹ bá gbọ́ tí afẹ́fẹ́ ń jò, ẹ fi sílẹ̀.