Àpótí tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé: ọjọ́ méje nínú ọkọ̀ ojú omi láti Southampton sí Nọ́wè

Aago mẹ́sàn-án àbọ̀ alẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ ti lù, ọkọ̀ ti kúrò ní Southampton láti bíi wákàtí márùn-ún, síbẹ̀ àpótí kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá wa. Méjì la kó lé àwọn alágbàrù lọ́wọ́ ní èbúté ní aago kan ọ̀sán. Èyí tí kò dé yẹn gan-an ni oògùn baálé mi wà nínú rẹ̀: amlodipine fún ẹ̀jẹ̀ ríru àti metformin fún ìtọ̀ ṣúgà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láti ìgbà náà títí di aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí, nítorí nínú wákàtí kan àti díẹ̀ yẹn la rí ilé iṣẹ́ tó ni ọkọ̀ yìí tinú-tẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ẹrù ṣe ń rìn, nítorí àwọn àgbàlagbà tó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́ kì í mọ̀. Nílé lẹ ó ti tẹ táàgì tó ní nọ́ńbà yàrá yín jáde, ẹ ó so ó mọ́ ọwọ́ àpótí. Ní èbúté, alágbàrù á gbà á lọ́wọ́ yín, á gba inú ẹ̀rọ tó ń yẹ inú ẹrù wò kọjá bíi ti pápákọ̀ òfurufú, wọ́n á kó o sínú àgò onírin, wọ́n á gbé e wọ ọkọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ á sì máa pín in láti àjà dé àjà. Ọkọ̀ wa kó èrò tó lé ní 3,000. Nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, àpótí ẹnìkan lè dé ní aago mẹ́ta ọ̀sán, ti ẹlòmíràn lè di aago mẹ́jọ alẹ́, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ yẹn bá rí ohun tí wọ́n kà léèwọ̀, àpótí náà kò ní dé rárá. Yàrá sẹkúrítì nísàlẹ̀ ọkọ̀ ni yóò wà títí ẹ ó fi wá ṣí i lójú wọn. Áyọ́ọ̀nù ló máa ń fa èyí jù, lẹ́yìn náà kẹ́tùlù, irin tí wọ́n ń kì bọ inú ife láti fi se omi, àbẹ́là àti ẹsítẹ́ńṣàn. Iná ni wọ́n ń bẹ̀rù, ẹ̀rù náà sì tọ́: láàárín òkun, kò sí panápaná tó lè ti ibòmíràn wá.

Áyọ́ọ̀nù kékeré kan ló wà nínú tiwa. Ẹ̀bi wa nìyẹn, mi ò jiyàn. Ohun tó bí mi nínú ni pé ìwé wọn to àwọn èèwọ̀ yìí sí ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́yìn oúnjẹ, lẹ́yìn aṣọ alẹ́, lẹ́yìn eré orí ìtàgé, kò sì sí ibì kankan tí wọ́n ti kọ ọ́ pé kí ẹ má ṣe fi oògùn sínú ẹrù tí ẹ ó gbé lé alágbàrù lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ àwa tó ti fẹ̀yìn tì ló pọ̀ jù nínú èrò wọn.

A lọ sí kàńtà oníbàárà. Ọmọbìnrin tó kọ́kọ́ dá wa lóhùn wo kọ̀ǹpútà, ó ní wọ́n ṣì ń pín ẹrù, kí a padà wá ní aago mẹ́wàá. Mo ní oògùn ló wà nínú rẹ̀. Ó pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá náà ní ilé ìwòsàn ọkọ̀ ti tì, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì wà tí wọ́n lè pè. Owó ìpè lẹ́yìn wákàtí iṣẹ́ lé ní 100 pọ́ùn, àkáǹtì yàrá wa ni yóò sì wọ̀. Mo bi í bóyá ẹnikẹ́ni ti pe yàrá sẹkúrítì. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó gbé fóònù, kò sí ẹni tó gbé e ní òdì kejì. Ẹnì kẹta wá, ó tún bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè láti ìbẹ̀rẹ̀: nọ́ńbà yàrá, àwọ̀ àpótí, orúkọ. Ìṣẹ́jú márùndínlógójì la fi dúró níbẹ̀, baálé mi lórí ọ̀pá rẹ̀, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó fi àga lọ̀ ọ́.

Nígbà tí a padà sókè, a bá olùtọ́jú yàrá wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọmọ Goa ní Íńdíà, ó ti parí iṣẹ́, ó ń ti kẹ̀kẹ́ aṣọ ìnura lọ. Ó wo ojú wa, ó béèrè ohun tó ṣe wá. Ìbéèrè kejì tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni: “Mama, ẹ má bínú, ṣé áyọ́ọ̀nù tàbí kẹ́tùlù wà nínú àpótí yẹn?” Àwọn mẹ́ta tó wà ní kàńtà, kò sí èyí tó bi wá bẹ́ẹ̀. Ó ní kí a jókòó, ó sáré sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó padà, ó ti mọ gbogbo ẹ̀: àpótí wà níbẹ̀ láti aago mẹ́ta ọ̀sán, wọ́n ti kọ lẹ́tà sí wa, ṣùgbọ́n wọ́n fi nọ́ńbà méjì dípò ara wọn, lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹlòmíràn ni lẹ́tà náà wà. Ó tẹ̀ lé wa lọ, a ṣí àpótí, a fọwọ́ sí ìwé, wọ́n gba áyọ́ọ̀nù, wọ́n fún wa ní rìsíìtì tí a ó fi gbà á ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìkẹyìn. Kí a tó padà dé yàrá, ó ti gbé búrẹ́dì àti wàrà lílé sórí tábìlì, nítorí ó gbọ́ tí mo ń sọ pé a kì í lo metformin lórí inú òfo.

Bí amlodipine bá pẹ́ ní wákàtí díẹ̀, kò sí ewu ńlá, ó máa ń pẹ́ nínú ara. Bí ó bá jẹ́ insulin, abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà, ni, ọ̀rọ̀ ò ní rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nítorí náà: gbogbo oògùn nínú àpò èjìká, nínú páálí rẹ̀ tó ní orúkọ yín lára, kí ó fi ọjọ́ mẹ́ta ju iye ọjọ́ ìrìn-àjò lọ, pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé dókítà. Ẹni tó ń lo insulin kí ó béèrè nípa fíríìjì kó tó wọkọ̀. Èyí tó wà ní yàrá wa kàn ń mú ohun mímu tutù díẹ̀ ni, kò dúró lójú ìwọ̀n kan.

Ọjọ́ kejì ni inú mi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Òkun Àríwá parọ́rọ́, yàrá tí a yàn sì tọ́. Àjà kẹrin ni, ní àárín gbùngbùn ọkọ̀. Bí ìgbì bá dé, ọkọ̀ máa ń ṣe bíi jangirọ́fà: iwájú àti ẹ̀yìn ló ń lọ sókè sódò jù, òkè pátápátá ló sì ń fì sọ́tùn-ún sósì jù. Àárín, nísàlẹ̀, ni ara ti ń rọ àgbàlagbà. Ẹ wo àwòrán ọkọ̀ kí ẹ tó sanwó, kí ẹ rí i pé yàrá ló wà lókè yín àti nísàlẹ̀ yín, kì í ṣe ilé ìdáná tàbí gbọ̀ngàn ijó. Yàrá “èyí tí a bá rí fún yín” dínwó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ni yóò yàn án, orí ẹ̀rọ ló sì lè bọ́ sí. A ò ra bákónì. Nínú fjord, ìyẹn apá òkun tóóró tó gba àárín òkè wọ inú ilẹ̀, òkè ńlá wà lọ́tùn-ún, ó wà lósì. Ẹni tó bá wà ní bákónì, apá kan ló ń rí. Àjà òkè ni kí ẹ gùn, pẹ̀lú kóòtù tó nípọn.

Oúnjẹ dára ju bí mo ti rò lọ, pàápàá ẹja. Ata ni kò sí. Ata gígún tí a dì dáadáa la mú dání, kò sì sí ẹni tó bá wa wí. Ní alẹ́ tí wọ́n ní kí ọkùnrin wọ kóòtù dúdú, agbádá ni baálé mi wọ̀, ìlànà wọn gba aṣọ ìbílẹ̀ láàyè. Káàdì ọtí àti ohun mímu ọlọ́jọ́ méje kò bá wa mu: ó dín díẹ̀ ní 45 pọ́ùn lójúmọ́ fún ẹnìkan, àgbàlagbà méjèèjì inú yàrá kan ló sì gbọ́dọ̀ rà á. Ẹni tí kò bá lè mu tó ife mẹ́fà tàbí méje lójúmọ́ kí ó máa san owó ife kọ̀ọ̀kan. Fóònù yín, ẹ fi í sí ipò ọkọ̀ òfurufú kí ọkọ̀ tó gbéra, nítorí network orí ọkọ̀ gba orí sátẹ́láìtì, kò sí nínú owó oṣooṣù ẹnikẹ́ni.

Nọ́wè fúnra rẹ̀ ò ṣeé fẹnu sọ tán. Ní Stavanger, ọkọ̀ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ìlú àtijọ́, ilé onípákó funfun lọ́tùn-ún lósì, ọ̀pá ò dí baálé mi lọ́wọ́ níbẹ̀. Ní Olden, a wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Loen, a gun ọkọ̀ okùn tó ń gbéni dé orí òkè Hoven, mítà 1,011, bí ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Àwọn tó fẹ́ rí yìnyín Briksdal wọ ọkọ̀ kékeré tí kò ní òrùlé. Ìyẹn máa ń kún kíákíá, ẹ gba ààyè ṣáájú, kí ẹ sì mọ̀ pé ìrìn ẹsẹ̀ ṣì kù lẹ́yìn tí ẹ bá sọ̀. Ní Bergen, ọkọ̀ ojú irin Fløibanen tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 1918 gbé wa dé mítà 320, gbogbo ìlú wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, òjò sì ń rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń rọ̀ níbẹ̀. Káàdì la fi san gbogbo nǹkan, títí kan ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Aago Nọ́wè fi wákàtí kan ṣáájú ti Lọ́ńdọ̀nù. Aago ọkọ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé, kì í ṣe ti fóònù, nítorí ọkọ̀ ò ní dúró de ẹnikẹ́ni.

Geiranger ni inú tún bà jẹ́. Ọkọ̀ wa ò kanlẹ̀ níbẹ̀, ó sọ ìdákọ̀ró sínú fjord, ọkọ̀ kékeré ló ń gbé èrò dé etíkun. Oṣù mẹ́ta ṣáájú la ti kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé ọ̀pá ni baálé mi fi ń rìn, pé a fẹ́ ìrànlọ́wọ́. Òṣìṣẹ́ ẹnu ọ̀nà ní òun ò rí i nínú ìwé òun. Ìdánwò kan wà: ẹ ó gun àtẹ̀gùn kékeré, ẹ ó sì gbé ẹsẹ̀ kọjá àlàfo bí ìdajì mítà tí wọ́n fi àmì sí nílẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbé yín. Ìdánwò yẹn bọ́gbọ́n mu, nítorí ọkọ̀ méjèèjì ń mì, ẹsẹ̀ tó bá há sáàárín wọn á kán. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a wà lórí omi ló yẹ kí wọ́n ti ṣe é. A dúró fún wákàtí kan àti ìṣẹ́jú àádọ́ta, ó ṣe ìdánwò náà, ó yege lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìdajì àkókò wa ní ọ̀kan nínú ibi tó lẹ́wà jù láyé, tí UNESCO, àjọ àṣà àti ẹ̀kọ́ ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005, la lò lórí àga ike. Nígbà tí ọkọ̀ ń jáde ní ìrọ̀lẹ́, tí omi Àwọn Arábìnrin Méje ń já láti orí àpáta, olùtọ́jú yàrá wa ló wá mú wa lọ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ò ti pọ̀ ní àjà òkè.

Fún àwọn tó ṣì ń lo páspọ́ọ̀tù Nàìjíríà: ìwé ìgbélùú Bìrìtìkó kò tó. Nọ́wè wà nínú Schengen, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó jọ ń lo físà kan náà, físà yẹn ni kí ẹ ní, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, Southampton ni ìrìn-àjò yín á parí sí. Inṣọ́ránsì yín gbọ́dọ̀ dárúkọ ìrìn-àjò ojú omi, kí ó sì san owó hẹlikópítà. Káàdì ìlera GHIC, tí àwọn tó ń gbé Bìrìtìkó fi ń gba ìtọ́jú ní Yúróòpù, ò wúlò lórí ọkọ̀, dókítà ibẹ̀ ń gbowó tirẹ̀.

A kọ lẹ́tà ẹ̀sùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó di pé wọ́n dáhùn: ẹ̀bẹ̀ ìlà mẹ́rin, àti 50 pọ́ùn tí a lè yọ kúrò nínú owó ìrìn-àjò mìíràn. Wọn ò sọ ohunkóhun nípa fọ́ọ̀mù tó sọnù. Nínú ìwé ìbéèrè tí wọ́n fi ránṣẹ́, a kọ orúkọ olùtọ́jú yàrá náà sí gbogbo ibi tí àyè wà. Owó ìdúpẹ́ ti wà nínú owó tí a san, ṣùgbọ́n a fún un ní tirẹ̀ lọ́wọ́.

Síbẹ̀síbẹ̀, máàkì wa: 9 nínú 10. A ti san owó àkọ́kọ́ fún oṣù Kẹsàn-án, a sì ti bẹ̀ wọ́n pé àjà kẹrin yẹn náà la fẹ́, lọ́wọ́ ọmọ Goa yẹn, bí ó bá ṣì wà lórí ọkọ̀.