Àgbàdo tó sún mọ́ra àti èyí tó jìnnà síra

Bí a bá fi sẹ̀ǹtímítà 75 sáàárín ìlà, tí a fi 25 sáàárín ihò, tí igi kan wà nínú ihò kan, hẹ́kítà kan yóò gba nǹkan bí igi àgbàdo 53,000. Bí a bá fẹ̀ ẹ́ sí 90 àti 50, nǹkan bí 22,000 péré ni.

Èyí tó sún mọ́ra máa ń tètè fi ewé bo ilẹ̀, èpò kì í sì rí oòrùn tó. Ìkórè rẹ̀ ló máa ń pọ̀ jù, bí òjò àti ajílẹ̀ bá tó. Bí wọn kò bá tó ńkọ́? Igi á ga fíofío, á tín-ín-rín, atẹ́gùn á dà á wó. Irun àgbàdo á pẹ́ kó tó yọ, lẹ́búlẹ́bú orí igi, tó yẹ kó bọ́ sórí irun náà kí hóró tó lè yọ, á sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ̀n tán. Ẹ bó ọmọ rẹ̀ wò: hóró kan níbí, hóró kan lọ́hùn-ún, ṣóńṣó rẹ̀ ṣófo.

Èyí tó jìnnà síra ń yọ ọmọ ńlá, nígbà mìíràn méjì lórí igi kan. Ṣùgbọ́n èpò rẹ̀ pọ̀. Lójú tèmi, ẹni tó ní ajílẹ̀ kó gbìn ín súnmọ́ra. Ẹni tí òjò rẹ̀ kò dájú, kó fẹ̀ ẹ́.

Ní ti ìkórè, apẹ̀rẹ̀ máa ń ráyè kọjá nínú èyí tó jìnnà. Èyí tó bá wó lulẹ̀ ni eku àti ikán ń kọ́kọ́ bá. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ ni yóò kórè, ẹ kọ́kọ́ wọn bí ẹnu ẹ̀rọ náà ṣe fẹ̀ tó kí ẹ tó la ìlà.