House of the Dragon: ohun táwọn èèyàn bínú sí yẹn gan-an ló gbé eré náà ró

Mo ti wo season méjì àkọ́kọ́ eré tẹlifíṣọ̀n House of the Dragon tán, kódà ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wo season 1, ọ̀rọ̀ àwọn òṣèré tí wọ́n kó sínú ẹ̀ ni mo sì fẹ́ sọ torí òun làwọn èèyàn bá ara wọn jà lé lórí jù, kí eré náà tó bẹ̀rẹ̀ rárá ni wọ́n ti ń jà á. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ìtàn àwọn baba ńlá Daenerys, ọmọ ọba onídírágónì inú Game of Thrones, ni, ọdún 172 kí wọ́n tó bí i, láyé ìgbà tí ìdílé Targaryen ṣì wà lórí ìtẹ́ tí dírágónì wọn ṣì pọ̀. Oṣù August 2022 ni HBO bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde, èèyàn tó sún mọ́ mílíọ̀nù 10 ló wò ó lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ inú ọ̀pọ̀ nínú wa ò tíì rọ̀ lórí bí Game of Thrones ṣe parí ní 2019. Èmi ti ní mi ò ní wò ó.

Ìjà tó le jù ni ti Corlys Velaryon, olórí ìdílé ńlá kan nínú eré náà. Nínú ìwé George R.R. Martin, aláwọ̀ funfun onírun fàdákà làwọn Velaryon, nígbà tí wọ́n wá mú Steve Toussaint tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú pé kó wá ṣe Corlys, ńṣe làwọn kan fárígá, wọ́n ní wọ́n ti ba ìtàn jẹ́, àwọn kan tiẹ̀ ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ lu ọkùnrin náà fúnra ẹ̀. Òun náà sì fèsì síta, ó ní àwọn èèyàn yìí gba dírágónì tó ń fò, wọ́n gba èèyàn onírun funfun tí ẹyinjú ẹ̀ jẹ́ àwọ̀ àlùkò, ṣùgbọ́n aláwọ̀ dúdú tó lówó lọ́wọ́ ni wọn ò lè gbà. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra torí òótọ́ ni. Martin pàápàá ti sọ ọ́ rí pé nígbà kan òun rò ó láti fi gbogbo àwọn Valyria, ìran tí Targaryen àti Velaryon ti ṣẹ̀, ṣe aláwọ̀ dúdú, kó tó yí i padà.

Ẹ tún wo Game of Thrones wò, àwọn aláwọ̀ dúdú tá a rántí jù níbẹ̀ ni Missandei àti Grey Worm, ẹrú sì làwọn méjèèjì kí Daenerys tó tú wọn sílẹ̀ (oníṣòwò olówó tí Nonso Anozie ṣe ní season 2 wà o, ṣùgbọ́n kò pẹ́ lójú eré). Ti Corlys yàtọ̀ pátápátá. Ọmọ ọba ló fẹ́, ọkọ̀ ojú omi ẹ̀ ló pọ̀ jù ní gbogbo ilẹ̀ yẹn, orí òkun ló sì ti lọ wá ọrọ̀ tó ń ná, òun ni wọ́n ń pè ní Ejò Òkun. Ìgbà tí Toussaint bá jókòó sí ìgbìmọ̀ ọba tí kò tíì la ẹnu, ẹ ti mọ̀ pé ẹni tí kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni ló jókòó síbẹ̀ yẹn.

Ibi tí mo wá fẹ́ kẹ́ ẹ ti gbọ́ mi dáadáa nìyí. Rhaenyra ọmọbìnrin Ọba Viserys ni ọba fi ṣe àrẹ̀mọ, Laenor ọmọ Corlys ni wọ́n sì fún un ní ọkọ, ṣùgbọ́n Harwin Strong ló bí àwọn ọmọkùnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún un. Nínú ìwé, irun làwọn èèyàn fi ń sọ̀rọ̀ wọn lábẹ́lẹ̀, irun àwọn ọmọ dúdú, irun bàbá àti ìyá funfun, ẹni tó bá fẹ́ ṣàlàyé ẹ̀ lọ á rí nǹkan sọ. Nínú eré yìí, Laenor tí wọ́n ń pè ní bàbá wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú, àwọn ọmọ jáde wọ́n funfun báláú, kò sí àlàyé kankan mọ́, gbogbo ààfin ló ń fojú rí i tí wọ́n sì ń dákẹ́ torí ọba ti ní kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́. Àwọn kan ní ìyẹn gan-an ni àìdáa ẹ̀, pé ó hàn jù, kò jẹ́ kí òǹwòran ṣiyèméjì. Mo gbọ́ wọn, ṣùgbọ́n lójú tèmi ibẹ̀ ni eré náà ti lágbára jù, torí ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ta ló bí ọmọ, ó ti di ta ló máa kọ́kọ́ la ẹnu sọ ọ́. Nígbà tí Vaemond, àbúrò Corlys, wá dìde ní episode 8 tó pariwo ẹ̀ níwájú ìtẹ́ pé ọmọ àlè ni wọ́n, mo ti mọ̀ pé orí ẹ̀ máa lọ sí i, síbẹ̀ mo ń bá a sọ ọ́ lọ́kàn mi. Wil Johnson ló ṣe Vaemond, kò sì pẹ́ lójú eré, àmọ́ ohùn ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ò tíì kúrò létí mi. Ẹ fi aláwọ̀ funfun ṣe ìdílé yẹn, kò ní dùn tó bẹ́ẹ̀.

Episode 8 náà la ti máa sọ̀rọ̀ Paddy Considine tó ṣe Ọba Viserys. Àìsàn tó jọ ẹ̀tẹ̀ ti ń jẹ ọba láti ìbẹ̀rẹ̀, lọ́dọọdún ni nǹkan kan ń ge kúrò lára ẹ̀, tó fi di pé ojú kan ti lọ, wọ́n fi ìbòjú wúrà bo ìdajì ojú ẹ̀, orí bẹ́ẹ̀dì ló sì ń gbé. Ó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ gba ẹ̀tọ́ ọmọ ọmọ ẹ̀, ló bá dìde. Ìrìn yẹn láti ẹnu ọ̀nà dé ibi ìtẹ́, ó fi ọ̀pá tilẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ó kù díẹ̀ kó dé òkè ni adé bọ́ lórí ẹ̀, Daemon àbúrò ẹ̀ tó ti ń bá a jà látọjọ́ yìí wá, ó mú un lápá, ó gbé adé náà, ó fi í dé e lórí. Ẹ sì mọ̀ pé adé yẹn ṣèèṣì bọ́ ni, kò sí nínú ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀, Matt Smith ló bẹ̀rẹ̀ mú un tí wọ́n sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo sunkún níbẹ̀, ìgbà kejì tí mo wò ó mo tún sunkún. Martin tó kọ ìwé gan-an gbà pé Viserys tí Considine ṣe ju èyí tóun kọ lọ. Ohun tó ń bí mi nínú títí dòní ni pé nígbà tí àmì ẹ̀yẹ tẹlifíṣọ̀n Emmy ọdún 2023 dé, wọ́n fi orúkọ eré náà sí eré tó dáa jù, ṣùgbọ́n kò sí òṣèré ẹ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n dárúkọ. Èmi ò mọ ohun tí wọ́n ní kí Considine tún ṣe.

Matt Smith náà, àwọn èèyàn ní kò jọ Daemon, wọ́n ní ojú Doctor Who, eré tó ti ṣe rí, làwọn á máa rí. Episode kìíní ò tíì parí tí wọ́n fi gba kámú.

Ibi tí mi ò ti fara mọ́ wọn ni bí ọdún ṣe ń sáré nínú eré náà. Milly Alcock àti Emily Carey ló ṣe Rhaenyra àti Alicent, ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó wá di ìyàwó ọba, nígbà tí wọ́n ṣì kéré, a fi episode márùn-ún mọ̀ wọ́n, a fẹ́ràn wọn, episode 6 dé, ọdún mẹ́wàá ti lọ, ojú tuntun la rí, Emma D'Arcy àti Olivia Cooke. Àwọn méjì yìí mọ eré ṣe o, kò pẹ́ tí mo fi gbà wọ́n, Cooke pàápàá, bó ṣe máa ń ya ẹran ara ìka ẹ̀ títí á fi ṣẹ̀jẹ̀ yẹn bí ìdààmú bá dé bá a. Àmọ́ ẹ pààrọ̀ àwọn ọmọbìnrin méjèèjì, ẹ wá fi Criston Cole, ọ̀kan nínú ẹ̀ṣọ́ ọba, sílẹ̀ pẹ̀lú ojú kan náà, irun kan náà, bíi pé ọdún mẹ́wàá yẹn ò kàn án? Ọ̀pọ̀ èèyàn ló sọ ọ́, òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Ọ̀rẹ́ àwọn ọmọ méjì yìí ni gbogbo ogun tí wọ́n fẹ́ jà lórí ìtẹ́ ti ṣẹ̀, ó yẹ kí wọ́n fi wá sílẹ̀ pẹ̀lú wọn díẹ̀ sí i. Episode 7 tún ṣókùnkùn débi pé mo ní láti pa gbogbo iná yàrá, wọ́n ní àwọn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kò tù mí nínú.

Season 2 jáde ní June 2024, episode mẹ́jọ péré, ó sì dúró sí ibi tí ogun ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ gan-an. Ìyẹn dùn wá, mi ò ní parọ́. Ikú Rhaenys, ìyàwó Corlys, ní episode 4 nìkan tó owó tí mo san, Eve Best ò sọ̀rọ̀ kankan kó tó yí dírágónì ẹ̀ padà sójú ogun tó mọ̀ pé òun ò ní dé láti ibẹ̀, ojú ẹ̀ ló sọ gbogbo ẹ̀.

Àmọ́ ohun tí mo mú dání jù ni àwọn ọmọ èbúté méjì yẹn, Alyn àti Addam, Abubakar Salim àti Clinton Liberty ló ṣe wọ́n. Ọmọ Corlys ni wọ́n, ó bí wọn síta, kò sì jẹ́wọ́ wọn. Ọ̀kan ń kan ọkọ̀, ọ̀kan ń wà á, Alyn ń fá orí ẹ̀ kodoro kí ẹnikẹ́ni má baà rí irun funfun tó fi jọ bàbá ẹ̀. Ẹ wá ro ó pọ̀ mọ́ ohun tí mo sọ lókè. Àwọn ọmọ tí kò jọ Corlys rárá ló ń pè ní ọmọ ọmọ òun níwájú gbogbo ayé, tó sì fẹ́ fi ilé àti ìtẹ́ ẹ̀ fún, àwọn tó jọ ọ́ bí ìmumu ń ṣiṣẹ́ ní èbúté abẹ́ ilé ẹ̀. Ìgbà tí Alyn wá la ẹnu ní episode tó kẹ́yìn, tó sọ fún un bí ebi ṣe pa wọ́n, bí wọ́n ṣe dàgbà láìní bàbá, Corlys Ejò Òkun ò rí èsì kan fún un. Ó kàn dúró síbẹ̀.