Dírọ́ọ̀mù bíréèkì ọkọ̀ àtijọ́: irin káàsì, irin páànù, àbí alumíníọ̀mù?

Tí Volkswagen Beetle yín, ìjàpá tí gbogbo wa mọ̀, bá ń rìn lójú títì lásán, tí kì í bá ẹnikẹ́ni sá eré ìje, dírọ́ọ̀mù irin káàsì (irin tí wọ́n yọ́ dà) ni kí ẹ rà fún un. Dírọ́ọ̀mù ni irin róbótó tó ń yí pẹ̀lú táyà, tí bíréèkì ń tì látinú kí ọkọ̀ lè dúró. Ti alumíníọ̀mù dára, ó tilẹ̀ ju ti káàsì lọ tó bá di ọ̀rọ̀ ooru, àmọ́ owó rẹ̀ pọ̀, yíyẹ̀ ẹ́ wò sì le fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Ti irin páànù ní tirẹ̀, ẹni tó bá bá a lára ọkọ̀ ló ń fara dà á. Kò sẹ́ni tó yẹ kó fi owó ra á lónìí.

Ẹ wo Ford Model A tí wọ́n ṣe láti 1928 dé 1931. Irin páànù tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ni dírọ́ọ̀mù rẹ̀, inú rẹ̀ sì fẹ̀ tó ínṣì 11. Ó fẹ́lẹ́. Bí ṣúù (irin títẹ̀ tí bíréèkì fi ń tì í) bá ti ń tì í látinú, ìdí rẹ̀ tó so mọ́ hub, ìyẹn àárín tí táyà ń dì mọ́, kò ní mira, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ á là síta bí ẹnu agogo, ṣúù á wá máa kan ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Bí ó bá tún gbóná, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó ń tún ọkọ̀ yìí ṣe ní Amẹ́ríkà máa ń fi dírọ́ọ̀mù káàsì tuntun rọ́pò rẹ̀, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì hàn kedere lẹ́sẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ yẹn ti ń bàjẹ́ ni ìdí bóòtù táyà: wọ́n ti tẹ ẹnu bóòtù náà gbòòrò kó lè di hub àti dírọ́ọ̀mù mú pọ̀. Ẹni tó bá fipá tì í jáde láìkọ́kọ́ gé ibi gbòòrò yẹn kúrò á fẹ ihò hub lójú, bóòtù tuntun kò sì ní dì mú níbẹ̀ mọ́.

Irin káàsì nípọn, kì í tètè yẹ̀, èédú dúdú tó wà nínú rẹ̀ kì í sì jẹ́ kí ó máa han tàbí kí ṣúù ya á lára bọ̀rọ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni ìwúwo àti ooru. Dírọ́ọ̀mù ìjàpá tó jẹ́ mm 230, tí ooru rẹ̀ bá ti 30°C dé 330°C, á fẹ̀ sí i ní nǹkan bíi mm 0.75. Ṣúù á wá rìn jìnnà kó tó bá a, ìyẹn ló ń mú kí pẹ́dà wọlẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè gígùn. Láìní òkè, ẹ lè má rí i láéláé.

Káàsì tuntun gan-an kì í ṣe ohun tí à ń yọ nínú páálí tí à ń dè mọ́ ọkọ̀. Àwọn olówó pọ́ọ́kú kan wà tí kò rí róbótó láti ilé iṣẹ́. Ẹ wọn fífẹ̀ inú rẹ̀ níbi mẹ́rin. Tí ìyàtọ̀ bá ju mm 0.1 lọ, ẹ dá a padà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ pẹ́dà á máa gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Ẹ fọ ọ́ìlì tí wọ́n fi pa á kúrò pátápátá. Tí ẹ bá fẹ́ fá ti àtijọ́ lórí léètì (ẹ̀rọ tó ń yí irin kí ọ̀bẹ lè fá a), ẹ fá ọ̀tún àti òsì dé ìwọ̀n kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọkọ̀ á máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Èyí tó bá ti kọjá mm 231.5, ẹ sọ ọ́ nù. Ojú tó bá dúdú tàbí tó ní àmì búlúù ti jóná, ó ti le kọjá irin yòókù, ọ̀bẹ léètì á máa fò lórí rẹ̀. Lẹ́yìn fífá, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kun inú rẹ̀, ẹ fi ṣúù gbo ó: tó bá jẹ́ àárín ṣúù nìkan ló mú ṣọ́ọ̀kì, ẹ ní láti lọ láínìn (ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú ṣúù tó ń kan dírọ́ọ̀mù) kó bá dírọ́ọ̀mù mu. Láínìn àtijọ́ lè ní asbestos (òkúta onífọ́nrán tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́) nínú, nítorí náà ẹ fi omi pa eruku náà, ẹ má fẹ́ ẹ.

Nọ́ọ̀tù tó di dírọ́ọ̀mù ẹ̀yìn ìjàpá mú jẹ́ mm 36, ìdì rẹ̀ sì tó Nm 294 (Nm ni ìwọ̀n agbára tí a fi ń fún nọ́ọ̀tù). Tí ihò pín-ìn-nì, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí nọ́ọ̀tù tú, kò bá ṣe déédéé, ẹ fún un sí i; ẹ má tú u sẹ́yìn. Eyín inú dírọ́ọ̀mù tó ń yọ́ dànù, nọ́ọ̀tù tí kò le tó ló sábà máa ń fà á.

Alumíníọ̀mù ń gbé ooru lọ tó ìlọ́po mẹ́ta irin káàsì, ìwúwo rẹ̀ sì lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Porsche 356 A àti B lò ó, ní mm 280. Buick náà gbé tirẹ̀ tó jẹ́ ínṣì 12 jáde, ìyẹ́ rẹ̀ yọ síta kí atẹ́gùn lè fẹ́ ẹ. Ojú ibi tí ṣúù ń kàn ṣì jẹ́ irin, nítorí láínìn á jẹ alumíníọ̀mù lójú ẹsẹ̀. Ibi tí irin àti alumíníọ̀mù ti pàdé yìí ni ọ̀ràn wà: alumíníọ̀mù ń fẹ̀ tó ìlọ́po méjì irin, bó bá pẹ́, wọ́n lè já kúrò lára ara wọn. Ẹ so dírọ́ọ̀mù náà rọ̀, ẹ fi òòlù kékeré gbá a jẹ́jẹ́. Tó bá dún gooro, ó dára. Tó bá dún kù, ẹ má rà á, ì báà jẹ́ pé wọ́n ti kùn ún kó máa dán. Bákan náà, bóòtù irin tó wọ alumíníọ̀mù máa ń dípẹtà mọ́ ọn lára níbi tí afẹ́fẹ́ òkun bá wà, ẹ fi gírísì tó wà fún irú rẹ̀ pa á.

Ẹni tó bá fẹ́ gbé ti 356 sára ìjàpá, kó ra backing plate (páànù ẹ̀yìn tí ṣúù dúró lé), ṣúù àti silíńdà rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Oní-bóòtù márùn-ún nìkan ni ríìmù rẹ̀ bá mu. Oní-bóòtù mẹ́rin á ní láti pààrọ̀ ríìmù.