Ẹja salmon inú agolo: mo rà á ní Tanke, mo fi se ọbẹ̀

Ilé ìtajà kan ní Tanke, nílùú Ìlọrin, ni mo ti rà á. Wọ́n kọ Alaska, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, sára agolo rẹ̀. Owó rẹ̀ ju ti sádìnì lọ fíìfíì. Egungun rẹ̀ ti rọ̀, ẹ kò ní yọ nǹkan kan dànù. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ni mo dà á sí nígbà tí ata ti jinná tán, torí bí ẹ bá tètè dà á sí i, á fọ́ yángá. Tùwó la fi jẹ ẹ́. Ó dùn, àmọ́ ẹja yíyan Jẹ́bà ṣì jù ú lọ lẹ́nu tèmi.

Alágídí lẹja yìí o! Inú odò ni wọ́n ti ń bí i, á lọ sókun, bó bá fẹ́ yé ẹyin, á fò gun àpáta padà wálé. Ibi tí omi ti ń hó láàárín àpáta làwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà ti ń dúró dè é. Ní Celilo, lójú odò Columbia ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, àwọn ẹ̀yà Yakama, Nez Perce, Umatilla àti Warm Springs a máa dúró lórí pẹpẹ onípákó nígbà kan, wọn a fi àwọ̀n onígi gígùn gbọ́n ọn. Lóṣù kẹta ọdún 1957, dáàmù The Dalles bo ibẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹni tó mọ Bùsá àtijọ́, tí omi Kainji gbé mì ní 1968, á mọ ohun tí mò ń wí.

Màá tún rà á bí àlejò bá ń bọ̀. Ẹ sáà wo déètì ara agolo dáadáa: èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé fún mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá àkókò.