Ẹ̀yin ará wa ní Minnesota, ẹ ṣọ́ra fún díẹ́là snowmobile kan o!!!

Ẹ kú ìfaradà òtútù o. Ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá ń gbèrò àtira snowmobile àlòkù (ọkọ̀ tá a ń gùn lórí yìnyín) lọ́dún yìí, kó jọ̀ọ́ kó kà á tán kó tó mú dọ́là ẹ̀ jáde, torí bí yìnyín bá ti fẹ́ máa rọ̀ báyìí làwọn gbájúẹ̀ máa ń to ọjà síta.

Díẹ́là kan wà lójú ọ̀nà àríwá téèyàn bá ti jáde ní Twin Cities, ó to sled (bí wọ́n ṣe ń pe snowmobile náà nìyẹn) síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó fọ gbogbo ẹ̀, ó ń dán gbinrin, ẹnu ẹ̀ sì dùn. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí ọ̀rọ̀ wa ti dé conciliation court, kóòtù ẹjọ́ owó kékeré, ẹ má bínú. Ìwà ẹ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dá mọ̀, òun nìkan kọ́ ló ń hù ú.

Ọwọ́ ẹ̀ ni mo ti ra tèmi, two-stroke onísílíńdà méjì, mo fẹ́ máa fi wọ́ ẹrù lọ sórí adágún Mille Lacs tá a bá ń lọ pẹja lórí yìnyín pẹ̀lú àwọn ará ibiṣẹ́ mi. $3,800. Ó ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ẹ́ńjìnnì ẹ̀ tún ṣe ni, pisítìn tuntun, ríìngì tuntun, ó ní kí n máa gùn ún lọ kí n má wẹ̀yìn. Ká sòótọ́, ó kọ́kọ́ sáré dáadáa. Àfi ìgbà tá a dé àárín igbó tí ohùn ẹ́ńjìnnì yẹn ṣàdédé lọ sókè fíìn, tó sì dákẹ́ lọ gbári. Mo fa okùn tá a fi ń sítáàtì ẹ̀, okùn ò wá. Ó ti nọ́ọ̀kì.

Ẹni tó bá ti lo jẹnẹrétọ̀ "I better pass my neighbour" nílé rí máa tètè yé e. Two-stroke ò ní ibi tí ọ́ìlì ń gbé lọ́tọ̀ nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, epo tó ń jó náà ló ń gbé ọ́ìlì dé ara pisítìn. Tí atẹ́gùn bá wá ń rí ihò mìíràn gbà wọlé, epo á kéré sí atẹ́gùn, ọ́ìlì náà á kéré, ooru á wá pọ̀ lápọ̀jù, pisítìn á wú, á há mọ́ sílíńdà. Ó tán.

Mo fi tírélà gbé e padà lọ bá a, ó ní "as is" ló wà lórí risíìtì (ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, wínníwínní nísàlẹ̀ pátápátá), ó gba $850, ó ní òun ti pààrọ̀ pisítìn. Mo gbé e lọ, ó tún há. Sílíńdà kan náà, èyí tó wà lápá kílọ́ọ̀ṣì. Mo tún sanwó, ó tún há!

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí: gbogbo àwáwí ọkùnrin yìí ló jẹ́ òótọ́. Ó kọ́kọ́ ní epo ni. Òótọ́ ni, ọ̀pọ̀ epo ọkọ̀ tí wọ́n ń tà ní Minnesota ní ethanol (ọtí tí wọ́n ń pò mọ́ epo) ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ethanol sì máa ń fa omi mọ́ra, tó bá wà nínú kábúrétọ̀ látìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ó máa ń di ojú ihò kékeré tí epo ń gbà. Àmọ́ èmi kì í ra ìyẹn, epo tí wọ́n ń pè ní 91, tí kò ní ethanol nínú, tí ìjọba gbà kí wọ́n máa tà fún snowmobile àti ọkọ̀ ojú omi ni mò ń rà. Ó bá ní yìnyín ni ò tó. Ta ló máa jiyàn? Gbogbo wa la rí bí yìnyín ṣe ṣọ̀wọ́n lọ́dún 2023 sí 2024, bẹ́ẹ̀ yìnyín tí track (bẹ́líìtì rọ́bà tó ń yí nísàlẹ̀ sled) ń fọ́n sókè ló ń mú kí omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì ọ̀pọ̀ sled lára tutù, òun náà ló ń jẹ́ kí track yọ̀ lórí ike tí wọ́n ń pè ní hyfax, tí kò bá sí i ike yẹn á yọ́. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ooru yẹn ni, iná tẹmpirétọ̀ ì bá ti tàn, kí ló dé tó jẹ́ sílíńdà kan náà ló ń há ní gbogbo ìgbà? Ó tún ní mi ò jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí n tó tẹ̀ ẹ́. Èyí náà máa ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ o! Ṣé ẹ rí i? Òótọ́ ló fi ń bo irọ́ mọ́lẹ̀, ẹni tó bá wá mọ̀ díẹ̀ nípa sled gan-an ló máa tètè gbà á gbọ́.

Bàbá òyìnbó kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ mẹkáníìkì, lápá Duluth, ló bá mi tú àṣírí ẹ̀. Kò tiẹ̀ tíì tú nǹkan kan, ó sítáàtì ẹ̀, ó jẹ́ kó máa rọra ṣiṣẹ́, ó wá fọ́n carb cleaner, oògùn tí wọ́n fi ń fọ kábúrétọ̀, sí ara rọ́bà tó so kábúrétọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì. Bó ṣe fọ́n ọn báyìí, ohùn ẹ́ńjìnnì yí padà! Rọ́bà yẹn ti sán nísàlẹ̀ níbi tójú ò tó, ibẹ̀ ló ti ń fa oògùn yẹn wọlé. Ó pa á, ó dí ojú ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọlé àti èyí tí èéfín ń gbà jáde, ó fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀, ọwọ́ géèjì ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó wá fi omi ọṣẹ pa ẹ̀yìn kílọ́ọ̀ṣì, ibi oil seal crankshaft, ìyẹn rọ́bà tó dí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, ni ọṣẹ ti ń hó yẹ́ẹ́. Ibi méjì ni atẹ́gùn ń gbà wọlé, díẹ́là yẹn ò sì fọwọ́ kan ìkankan nínú ẹ̀ rí. Rọ́bà tí kò ju ọgọ́ta dọ́là lọ! Ìgbà tí bàbá wá ṣí orí ẹ́ńjìnnì, pisítìn "tuntun" tí mo sanwó ẹ̀, èérí dúdú ti di koko lórí ẹ̀, wọ́n kàn fi sandpaper ha ẹ̀gbẹ́ ibi tó ti bó, wọ́n ti ríìngì tuntun bọ̀ ọ́. Inú bí mi débi pé mi ò lè sọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n wa kan ní Brooklyn Park náà ra tiẹ̀ lọ́dọ̀ onítọ̀hún, tiẹ̀ tún burú jù: nọ́ńbà tó wà lára sled yàtọ̀ sí èyí tó wà lórí káàdì registration ẹ̀. Ẹ rántí o, ní Minnesota níbí, snowmobile ò ní title (ìwé tó ń fi hàn pé ìwọ lo ni ín) bíi ti mọ́tò, registration DNR, àjọ tó ń bójú tó igbó àti omi ní ìpínlẹ̀ yìí, nìkan ló ní, ìyẹn ló jẹ́ kó rọrùn láti ta èyí tí wọ́n jí. Ẹ tẹ̀ ba, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún tí wọ́n tẹ̀ sára irin tó wà lókè track, lápá ọ̀tún, kó bá káàdì mu lọ́kọ̀ọ̀kan. Kẹ́ ẹ tún tẹ̀ ẹ́ wò lórí sáìtì ilé iṣẹ́ tó ṣe é àti ti CPSC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ààbò ọjà, bóyá recall wà lórí ẹ̀, ìyẹn pé wọ́n ti kéde pé ó ní àléébù.

Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, kẹ́ ẹ tó kí i tán ẹ ti fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Tó bá ti gbóná, ó ti ṣiṣẹ́ kẹ́ ẹ tó dé, kẹ́ ẹ má baà rí bó ṣe ń ṣòroó sítáàtì nínú òtútù. Ẹ mú géèjì compression, èyí tó ń wọn bí sílíńdà ṣe ń fún atẹ́gùn tó, dání, sílíńdà méjèèjì ò gbọdọ̀ jìnnà síra, tọ́kàn bá wà ní 120 tí èkejì wà ní 95, ẹ máa lọ. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ìyẹn nìkan tàn yín o, ríìngì tuntun máa ń jẹ́ kí compression dáa gan-an lórí ẹ́ńjìnnì tó ń fa atẹ́gùn níbi tí kò yẹ, bí tèmi ṣe rí nìyẹn. Ẹ ní kó ṣe pressure test níṣojú yín, ìyẹn kó fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì bí bàbá yẹn ṣe ṣe. Tó bá ń sọ pé Yamaha ti ṣíwọ́ snowmobile ṣíṣe lẹ́yìn ti ọdún 2025, pé ó máa gbówó lórí lọ́la, kẹ́ ẹ tètè san án (òótọ́ ni pé Yamaha ṣíwọ́, ó tún gbé òótọ́ dé!), ẹ má dá a lóhùn.

Tó bá ti ṣẹlẹ̀ sí yín lọ́dọ̀ ẹ̀, ẹ má jẹ́ kó tún tú ẹ́ńjìnnì yẹn mọ́. Ẹ gba pisítìn tó bá yọ lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ ya fọ́tò ẹ̀, ẹ tọ́jú gbogbo risíìtì, ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì Attorney General, ọ̀fẹ́ ni, kẹ́ ẹ sì wá bá mi ní inbox. Èmi àti ẹ̀gbọ́n Brooklyn Park la jọ ń kó ìwé jọ báyìí, fọ́tò tiyín náà á wúlò fún wa ní kóòtù.