Fámásì tó ń po oògùn ọmọ mi ní Ìkòròdú: mo dúpẹ́, inú sì ń bí mi

Nọ́ńbà kan lára ìgò ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí. Ìgò tí a ti ń lò tẹ́lẹ̀, mílígíráàmù 1 ló wà nínú mílílítà kan. Èyí tí ọmọkùnrin ibi káńtà nà sí mi lọ́jọ́ náà, 5 ni wọ́n kọ sí i. Mo ní, "Bọ̀dá, ṣé oògùn wa náà nìyí?" Kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ìkan náà ni, Mọ́mì. Bẹ́ ẹ ṣe ń fún un tẹ́lẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ máa fún un."

Oògùn náà ni propranolol. Àwọn àgbàlagbà tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọmọbìnrin mi ò ní ẹ̀jẹ̀ ríru o. Ohun pupa kan ló yọ sí ìpéǹpéjú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí mo bí i. Ó kọ́kọ́ dà bí ibi tí ẹ̀fọn jẹ, kó tó di pé ó ń wú, tó ń wú, tó fẹ́ bo ojú. Hemangioma ni dókítà pè é: iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ń hù jọ síbì kan. Wọ́n ní bí ojú bá wà ní bíbò pẹ́ ní kékeré, ó lè má mọ̀ ọ́n wò mọ́ láyé, bí nǹkan kan ò tilẹ̀ ṣe ẹyinjú. Láti ọdún 2008 tí àwọn dókítà kan ní Bordeaux, nílẹ̀ Faransé, ti ṣàdédé rí i pé propranolol ń mú un súnkì, òun ni wọ́n ń lò. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí olómi tí iléeṣẹ́ ṣe fún àwọn ọmọ ọwọ́ lọ́dún 2014. Gbogbo ibi tí mo béèrè rẹ̀ ní Ìkòròdú, wọn ò ní in. Tábílẹ́ẹ̀tì àgbà ló wà, mílígíráàmù 40, mílígíráàmù 3 sì ni dókítà ní kí a fi bẹ̀rẹ̀, láàárọ̀ àti lálẹ́.

Kẹ́místì àdúgbò wa ní Ìgbógbó ní kí n gé e sí mẹ́rin, kí n yọ́ ọ̀kan sínú omi. Ìdá kan nínú mẹ́rin 40 jẹ́ 10, 3 sì ni dókítà ní! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá, kẹ́místì ò ní àṣẹ láti po oògùn kankan. Oògùn tí kò nílò ìwé dókítà nìkan ni òfin ní kí wọ́n tà, nínú páálí tó bá wá. Ní fámásì ńlá kan ní Sábó, wọ́n ní àwọn kì í ṣe irú iṣẹ́ yẹn, wọn ò sì júwe ibòmíràn fún mi.

Ohun tó mú mi yan èyí tí mò ń sọ yìí ni ìbéèrè tí àǹtí apòògùn wọn kọ́kọ́ bi mí. Wọn ò mẹ́nu kan owó. Wọ́n ní, "Kílò mélòó ni ọmọ?" Mo ní 6. Wọ́n pe dókítà lójú mi, wọ́n tún ìṣirò náà ṣe pẹ̀lú rẹ̀ lórí fóònù. Ìwé àṣẹ ọdún náà láti ọ̀dọ̀ PCN, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso iṣẹ́ apòògùn, wà lára ògiri, orúkọ wọn ló sì wà lórí rẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yẹn fi dùn mí wọ egungun. Nígbà yẹn, dókítà ti gbé e sókè sí mílígíráàmù 6, èyí tó jẹ́ mílílítà 6 nínú ìgò àtijọ́ láàárọ̀, 6 lálẹ́. Ẹ bá mi ṣírò ó. Bí mo bá fa 6 nínú ìgò tuntun yìí, mílígíráàmù 30 ni ǹ bá rọ sí ọmọ mi lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Oògùn yìí máa ń mú kí ọkàn máa lù lọ́ra, ó sì lè já ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọdé wálẹ̀. Ọmọ á máa làágùn, ara rẹ̀ á tutù, ẹ̀yin á rò pé oorun ló ń kùn ún.

Mo fi ìka hàn án: "Wo ibí. 5 ni wọ́n kọ." Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n dá àwọn tó wà lẹ́yìn yín lóhùn." Mo ní mi ò kúrò. Àwọn èèyàn ń pòṣé lẹ́yìn mi. Mo ní kó pe àǹtí. Ó ní wọ́n ń jẹun. Mo ní kó pè wọ́n lórí oúnjẹ. Ó gba ìgò náà, ó tún ń wá ọ̀nà àtifi í sínú láílọ́ọ̀nù! Ìgbà yẹn ni ohùn mi lọ sókè, mi ò sì ní tọrọ àforíjì fún un.

Àǹtí jáde. Wọ́n wo ìgò, wọ́n wo ojú mi, wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìyá ọmọ, ẹ̀bi wa ni. Kò yẹ kí èyí dé ọwọ́ yín láìsí èmi níbẹ̀." Wọn ò wí àwíjàre. Wọ́n gbé ìwé àkọsílẹ̀ wọn síwájú mi: ọjọ́ tí wọ́n po ó, nọ́ńbà ara páálí tábílẹ́ẹ̀tì, ìwọ̀n ọmọ, ìṣirò, gbogbo rẹ̀. Èmi ni mo ti sọ fún wọn pé ọmọ ń tu oògùn dànù torí ó pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ti bá dókítà sọ ọ́, wọ́n wá ṣe é kó ki, kí mílígíráàmù 6 náà lè jẹ́ mílílítà 1.2 péré. Sírínjì kékeré àti ìwé àlàyé wà nílẹ̀ lórí tábìlì ibi tí wọ́n ti ń po oògùn. Ọmọkùnrin yẹn kàn gbé ìgò ni.

Wọ́n fi téépù pupa sí ibi 1.2 lára sírínjì, wọ́n ní kí n máa fa omi títí ó fi dá wọn lójú. Wọ́n ní kí n dá ìgò àtijọ́ padà, kí oríṣi méjì má baà wà nílé kan. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ìyá ọkọ mi ló ń fún un nígbà tí mo bá wà níbi iṣẹ́, wọ́n fi Yorùbá kọ ọ́ gàdàgbà: "Ẹ mì í dáadáa, oògùn máa ń rì sí ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn tó bá jẹun tán ni kí ẹ fún un. Bí kò bá jẹun, tó ń bì, tàbí tí èémí rẹ̀ ń súfèé, ẹ má fún un, ẹ pe dókítà." Màmá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà kíṣíìnì. Nínú gbogbo ilé ìwòsàn tí a ti lọ, kò sẹ́ni tó rò ó pé Màmá ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Owó wọn ga. Oògùn náà kì í pẹ́ kó tó di èyí tí a ó dà nù, torí omi wà nínú rẹ̀, nítorí náà ìgò kékeré ni wọ́n ń ṣe, ẹ ó sì máa lọ máa bọ̀. Mi ò bínú sí ìyẹn; ẹni tó bá pò ó tó ní yóò lo oṣù mẹ́fà ni kí ẹ sá fún. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Àìkú, wọn kì í gbé fóònù, ọmọ kò sì mọ ọjọ́ Àìkú.

Ojú ọmọ mi ti ń là tán. Ohun pupa náà ti rọ̀, ó ti ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Ọ̀tọ̀ ni kí apòògùn mọ iṣẹ́, ọ̀tọ̀ ni kí ohun tí ó pò dé ọwọ́ ìyá ọmọ bó ṣe yẹ, mi ò sì lè fún wọn ju bẹ́ẹ̀ lọ títí wọn ó fi fi òfin lélẹ̀ pé apòògùn nìkan ni yóò máa na irú ìgò bẹ́ẹ̀ síni. Ọ̀dọ̀ wọn náà ni màá ti gba ìgò tó kàn. Mi ò dárúkọ wọn. Ibi yòówù kí ẹ lọ, ẹ mú ìwé dókítà àti ìwọ̀n kílò ọmọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lọ́wọ́, kí ẹ sì ka ara ìgò lórí káńtà, kí ẹ tó sanwó.